Ọ̀gá Akọrin Tí Kò Ṣe Àmín

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí òkè yí ká. Orin ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ sì kú.

Ọ̀gá akọrin ni ní ìjọ ẹsẹ̀ òkè. Ó ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́dún kan, ibà kan kọ lù ú, ibà olórí fífọ́ tí kò gbóògùn bọ̀rọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀ tí ó la ojú, ó rí i pé ẹnu ìyàwó òun ń mì, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé obìnrin náà ń fi òun ṣeré ni. Ó ní kí ó sọ̀rọ̀ sókè. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, ẹkún náà kò dún.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Dókítà ní etí kò ní là mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé síléètì àti ṣọ́ọ̀kì káàkiri ilé. Ohun tí ó bá fẹ́ bá a sọ, a kọ ọ́ sílẹ̀, ọkọ a kà á, a sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, bí 'wá jẹun' tàbí 'ó dàárọ̀', ó ti ń mọ̀ wọ́n láti ètè olùsọ̀rọ̀.

Gbogbo ìjọ ń retí kí ó gbé ọ̀pá tí ó fi ń darí orin sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kò gbé e sílẹ̀. Olóríkunkun ni láti kékeré. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ òun ti kọ́kọ́ kọ̀ kí ó tó mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ sí. Orin ṣì ń dún lọ́kàn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, ohùn kọ̀ọ̀kan níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ohun tí kò ní mọ́ ni ọ̀nà tí yóò fi mọ ohun tí àwọn akọrin ń ṣe níta.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Jọláadé, ń gbé lókè òkun. Nígbà tí ó wá kí bàbá rẹ̀, ó fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà ilé. Iṣẹ́ ètò náà kò ju pé kí ó sọ orin di àwòrán. Bí orin bá ń lọ nínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ a máa jó lójú rẹ̀. Báàsì a hù bí òkè búlúù nísàlẹ̀. Sopiránò a máa tàn bí iná pupa lókè. Tẹ́nọ̀ àti áátò wà láàárín, ọ̀kan bí ọsàn, ọ̀kan bí ewé. Eré ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọmọ náà rò pé bàbá òun yóò máa wò ó fi pa ìrònú rẹ́.

Bàbá kò fi pa ìrònú kankan rẹ́. Ó jókòó tì í bí ẹni tí ó ń kọ́ ìwé kíkà. Ó mú àwọn orin tí ó mọ̀ láti orí dé ìdí, ó ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ wọn lọ́kàn, ó ń fi ojú wo àwọ̀ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Nígbà tí òjò ọdún náà yóò fi dá, ó ti mọ̀ ọ́n kà. Bí ẹnìkan bá mí sáàárín ọ̀rọ̀, ihò kékeré a yọ nínú àwọ̀, yóò rí i. Bí tẹ́nọ̀ bá ń fa ẹsẹ̀, yóò rí i. Àwọn akọrin a fi fóònù gba ohùn ara wọn sílẹ̀, wọ́n á gbé e wá fún un lórí fíláàṣì. Tí ó bá di ọjọ́ ìdánrawò, a na ọ̀pá: 'Ìwọ, ìlà kejì, ta ni ó ń lé ọ?' Ẹni náà a wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni ó ń bá wí. Bí a ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Sípíkà kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Ó yọ ọ́, ó fi ta ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́rẹ. Kí ni adití fẹ́ fi sípíkà ṣe? Rántí sípíkà yìí, arábìnrin mi. Láti ọjọ́ náà, bí orin bá ń lọ nínú kọ̀ǹpútà yẹn, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ nínú yàrá, àti elétí àti adití.

Alága ìgbìmọ̀ ìjọ náà jẹ́ ènìyàn tí ohùn rẹ̀ tóbi. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun ni yóò kọ́kọ́ dé, òun náà ni yóò gbẹ̀yìn kúrò. Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò bójú mu kí adití máa darí orin. Ó ní àwọn ìjọ tó kù yóò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, 'Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní afọ́jú la fi ṣe awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọ.' Àwọn tí ó ń bá sọ ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ pinnu. Wọn yóò wá sí ilé ọ̀gá akọrin ní àárọ̀ Sátidé. Wọn yóò gbé orin kan dání tí ẹgbẹ́ akọrin kọ lẹ́yìn rẹ̀, àṣìṣe kan yóò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rí àṣìṣe náà, ọ̀pá di tirẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ó fa ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn yóò sì fi í jẹ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ akọrin, yóò máa jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ funfun. O mọ irú oyè bẹ́ẹ̀. Àga rẹ̀ máa ń rọ̀, ènìyàn kì í sì í tètè dìde níbẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sórí síléètì fún un. Ó kà á tán, ó ní, 'Ẹ máa bọ̀.'

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kámẹ́rà kékeré kan dé láti ọ̀dọ̀ Jọláadé. Ó fẹ́ máa rí ojú bàbá rẹ̀ láti òkè òkun. Atúnkọ̀ǹpútàṣe àdúgbò wá, ó bá wọn gbé e lé orí kọ̀ǹpútà, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sórí síléètì pé ojú ni, òun ni ọmọ yóò fi máa rí wọn. Bàbá dúpẹ́, ọkùnrin náà lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá akọrin fi orin àtijọ́ kan sí i kí ojú rẹ̀ lè mú ṣáṣá de Sátidé. Àwòrán náà kò bá orin mu. Báàsì nìkan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ orin yẹn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí àwọn yòókù tó wọlé. Ohun tí ó rí lójú kọ̀ǹpútà ni ìlà kan tí ó ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni tí òtútù mú. Ó fi orin mìíràn sí i. Ìlà náà ni. Ó fi orin àwọn ọmọdé sí i, ìlà náà ni. Gbogbo orin ayé ti di ọ̀kan ṣoṣo.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ó ń ṣe é. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó yọ ètò náà kúrò pátápátá, ó tún un fi sí i. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó gbọn eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ dànù. Ó ní bóyá fíláàṣì ni, ó gba òmíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń to ètò náà, ó ń ka ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ti bí àwòrán ṣe ń yára sí, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gbígbọ́ sí, ó fò ó kọjá. Ó ní ohun tí ó bá jẹ mọ́ etí kò kan òun.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ pé, 'Ó kúkú ń jó, Bàbá Jọláadé.'

Ó ní, 'Jíjó ń jó. Kì í ṣe orin mi ni ó ń jó sí.'

Ìyàwó kọ ọ́ pé, 'Báwo lẹ ṣe mọ̀?'

Ó ní, 'Mo mọ orin mi.'

Wọ́n tún ránṣẹ́ pe atúnkọ̀ǹpútàṣe. Ó jókòó, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Ó rí i pé orin ń lọ, ó rí i pé àwòrán ń mì. Ó mi orí, ó gba síléètì: 'Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ o. Kò sí nǹkan tó ṣe é.' Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò díẹ̀, àánú ṣe é, ó tún kọ sí ìsàlẹ̀ pé, 'Bóyá ojú yín ló rẹ̀ wọ́n, sà.'

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀gá akọrin dé egungun. Wọ́n ti gba etí, wọ́n tún fẹ́ gba ojú. Ó ní, 'Etí mi kú, mo gbà. Ojú mi ò tíì kú. Ẹ ṣé, ẹ máa lọ sílé.' Má bínú sí ọkùnrin náà. Kò purọ́. Ó mọ kọ̀ǹpútà, kò mọ orin ni.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, kò tíì rí ìdí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì í. Ó kọ sórí síléètì, ó sì gbé e ka orí itan ọkọ rẹ̀: 'Ó tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀pá wọn.'

Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà. N kò ní fi í pa mọ́ fún ọ. Kì í ṣe alága ni ó ń bà á lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé bí ọ̀pá bá kúrò lọ́wọ́ òun, orin tí ń dún lọ́kàn òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun yóò wá di adití tòótọ́. Ó ka ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ. Ó fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu ún kúrò. Ó dá síléètì padà fún un.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, wọ́n dé. Alága ṣáájú, àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e, àwọn akọrin bí mélòó kan wà lẹ́yìn. Ìyá Ẹlẹ́rọ, tí ó ń bá àwọn ènìyàn lọ ata lẹ́yìn ilé ọ̀gá akọrin gan-an, wà nínú wọn. Áátò ni ohùn rẹ̀. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ nítorí ìpàdé náà, àwọn tí ó gbé ata wá kùn títí wọ́n fi lọ.

Ìyàwó ilé lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè pa á mọ́ra. Ó ní kọ̀ǹpútà ń ṣe ségesège láti ọjọ́ mélòó kan, ó ní kí wọ́n ṣàánú ọkọ òun, kí wọ́n fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Alága ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ní ìlú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan nílé onílé láìkọrin, láìgbàdúrà, ìbáà ṣe omi ni wọ́n wá mu.

Wọ́n jókòó ní pálọ̀. Ọ̀gá akọrin fi fíláàṣì tí wọ́n gbé wá sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ orin náà. Ìlà tí ó ń fi hàn pé orin ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Alága dìde. Ó da orin ìyìn kan sílẹ̀, gbogbo ilé gbà á, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin la ojú kan láàárín àdúrà, ó sì kígbe.

'Ẹ wò ó! Ẹ wojú kọ̀ǹpútà!'

Àwòrán náà ń fò. Pupa ń bú sókè, búlúù ń ru nísàlẹ̀, gbogbo àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń jó. Pálọ̀ dà rú. Wọ́n ń ké halelúyà. Bí wọ́n ṣe ń ké sí i ni àwòrán náà túbọ̀ ń fò. 'Ó ti dá! Ọlọ́run ti tún un ṣe!' Ìyàwó ilé kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Alága yíjú sí ọ̀gá akọrin, ó la ẹnu gbàgà kí ó lè kà á: 'Ẹ ṣe àmín, ọ̀gá!'

Ọ̀gá akọrin ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wo alága. Ó ní, 'N kò ṣe.'

Wọ́n rò pé kò kà á dáadáa ni. Ìyàwó rẹ̀ sáré kọ ọ́ sórí síléètì: 'ÀMÍN.' Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

'Mo mọ ohun tí ẹ ní kí n ṣe. N kò ní í ṣe é. Kò tíì dá. Orin tí ẹ gbé wá, mo rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, orin ìkórè tí mo fúnra mi kọ́ wọn. Ohun tí mo ń rí yìí, bí àtẹ́wọ́ ni ó ń ṣe. Ọlọ́run kò ní kí n fi àmín ti èké lẹ́yìn.'

Inú bí wọn, ó sì yẹ kí inú bí wọn. Ẹni tí ènìyàn gbàdúrà fún nínú ilé ara rẹ̀, tí ó kọ àmín, ojú wo ni kí wọ́n fi wò ó? Ẹnìkan ní aláìmoore ni. Ẹnìkan ní ìgbéraga ni ó pa etí rẹ̀. Alága dúró níwájú kọ̀ǹpútà, ó na ìka sí i, ó ń sọ̀rọ̀. 'Kí lẹ tún fẹ́? Ọdún mélòó la ti ń gbà yín mọ́ra? Ẹ sinmi! Ẹ jẹ́ kó tán! Ẹ gbà fún Ọlọ́run!'

Ọ̀gá akọrin kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ó máa wo ojú alága bí ó ti ń bá a wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán. Ó rí i pé alága la ẹnu, iná pupa sọ sókè. Alága gbé itọ́ mì, iná wálẹ̀. Alága la ẹnu, iná sọ. Alága wúkọ́, òkè búlúù kékeré kan hù, ó sì kú. Bí ẹnu alága ṣe ń lọ ni àwòrán ń lọ.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Gbogbo akọrin tí ó wà nínú pálọ̀ pa ẹnu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ tí ó gbé ọ̀pá náà ti kọ́ wọn. Alága pàápàá pa ẹnu mọ́, nítorí òun náà ti kọ tẹ́nọ̀ lábẹ́ ọ̀pá yẹn nígbà èwe rẹ̀. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

Àwòrán náà sùn sílẹ̀ bí ẹní. Orin ṣì ń lọ, ìlà ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn. Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan.

Ọ̀gá akọrin fi ọ̀pá kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Iná kan sọ, ó kú. Ó yíjú sí wọn. 'Ohùn yín ni,' ó wí. 'Ohùn yín ni ó ń jó sí.' Ó wo Ìyá Ẹlẹ́rọ láàárín wọn, ojú rẹ̀ tún là sí i. 'Ìwọ! Ẹ̀rọ ata rẹ ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí tí mo ń wá orin nínú rẹ̀!' Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ ẹ̀rọ ata yẹn mọ́ tí ó fi gbàgbé pé ó wà láyé. Ẹni tí kò gbọ́ ariwo a máa rò pé ariwo ti tán.

Ó wá ń wá ohun tí ó ń bá kọ̀ǹpútà gbọ́. Kò jìnnà. Ó tẹ orí mọ́ kámẹ́rà tí Jọláadé fi ránṣẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ojú kọ̀ǹpútà gbiná láti òkè délẹ̀. Ojú tí ọmọ rà fún un, ó ní etí. Máìkì wà nínú rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti so ó mọ́ ọn ni ètò náà ti pa orin inú tì, tí ó ń gbọ́ ti ìta. Ó di wáyà rẹ̀ mú, ó fà á yọ.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí. Ẹnìkan ní, 'Ó ti bà á jẹ́! Ó ti ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́!' Ọ̀gá akọrin kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bí ó bá sì mọ̀ pàápàá, kò ní dúró. Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń to ètò náà. Ó lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ gbígbọ́ tí ó ti ń fò kọjá láti ọjọ́ yìí. Wọ́n bi í níbẹ̀ pé ibo ni kí ètò ti máa gbọ́ ohùn. Ìta ni ó wà. Ó yí i sí inú. Ó dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Òkè búlúù kan hù nísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Báàsì ni. Àwọn yòókù wọlé tẹ̀ lé e, ọsàn, ewé, iná. Ó tẹ̀ síwájú, ètè rẹ̀ ń bá wọn lọ. Nígbà tí ó dé ẹsẹ kẹta, ó na ọ̀pá sí ojú kọ̀ǹpútà.

'Níbí. Áátò wọlé kí tẹ́nọ̀ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni, ó sì tijú nígbà tí ó ṣe é, ohùn rẹ̀ yọ tán ó tún fà á padà.'

Ìyá Ẹlẹ́rọ fi aṣọ bo ẹnu. Òun ni ìgbìmọ̀ bẹ̀ pé kí ó ṣì í kọ.

O rò pé alága gbà? Ènìyàn kì í tètè gbà. Ó gba síléètì, ó kọ ọ́ pé, 'Ojú lẹ fi rí i. Ẹ ò fi etí gbọ́ ọ.'

Ọ̀gá akọrin kà á. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, 'Bàbá alága, ẹ̀yin ní etí. Gbogbo yín ní etí níbí, Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ń jó sí orin, ẹ ké halelúyà lé e lórí. Orin wo lẹ gbọ́?'

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí sípíkà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò sí orin kankan tí ó ti inú rẹ̀ dún sí etí ẹnikẹ́ni.

Kò dúró gba èsì. Ọjọ́ ìdánrawò ni. Ó dé fìlà rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Àwọn akọrin dìde tẹ̀ lé e. Alága ṣẹ́kù sórí àga, nígbà tí ó sì rí i pé ìyàwó ilé ti ń gbá pálọ̀, òun náà dìde.

Àkàwé náà parí síbẹ̀. Ó kù tìrẹ.

Ìwọ, arábìnrin mi, láti ìgbà tí a ti sin ọkọ rẹ ni o ti ti ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ pa. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń tẹ ìwé níbẹ̀. Ìwọ ni o ń to lẹ́tà, ìwọ ni o ń po tàdáwà, ọwọ́ rẹ kò funfun rí ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ wá ní obìnrin kì í dá nìkan jókòó ti ẹ̀rọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní kò yẹ opó. O wá bá mi lónìí, o ní o ti gbà, o ní ọkàn rẹ gan-an ni ó ní kí o tà á fún wọn. Gbogbo ènìyàn sì ń yìn ọ́. Wọ́n ní o ti gba kádàrá, wọ́n ní ó ń lọ dáadáa. Wọ́n rí i pé o ń jó, wọn kò bèèrè ohun tí o ń jó sí.

Kì í ṣe ọkàn rẹ ni, arábìnrin. Ẹ̀rọ ata àwọn ará ẹ̀yìn ilé rẹ ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ sí ọ létí tí o kò fi mọ̀ pé ó ń dún mọ́, o wá ń pè é ní orin ara rẹ.

N kò ní kí o di etí sí ìmọ̀ràn. Ọkùnrin yẹn kò fọ́ kámẹ́rà. Ó tún un so nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ rí i, ó sì fi ara balẹ̀ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó kàn kọ̀ kí ó máa bá òun gbọ́ orin ni. Jẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ rẹ máa rí ọ. Kí wọn má bá ọ gbọ́.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Padà sílé, gbé ọwọ́ sókè, jẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́, ìbáà ṣe fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Wo ohun tí ó ṣì ń mì nínú rẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, tà á, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí òkè búlúù yẹn bá hù nísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ. Èmi pásítọ̀ rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní o ya olóríkunkun. Jẹ́ kí wọ́n wí. Wọ́n á wá gbàdúrà ìfọkànbalẹ̀ fún ọ, wọ́n á ní kí o ṣe àmín. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má ṣe àmín sí i.

O ní o ti gbàgbé ilé ìtẹ̀wé yẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún nínú báàgì rẹ láti ìgbà tí o ti wọlé. Èmi ń gbọ́ ọ. Dìde, lọ ṣílẹ̀kùn.